Ọ́fíìsì Méjì

Nígbà tí mo débẹ̀, nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń jẹ́.
Ilé adójútòfò kan ni, lẹ́yìn Bróòdù Sítírììtì,
alájà márùn-ún tó kọjú sí ọ̀sà,
lífítì rẹ̀ ti ń sinmi láti ọdún tí mo wọ yunifásítì.
Pírńtà mẹ́sàn-án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló so wọ́n pọ̀
bí ọmọ ìyá tí kò mọ ara wọn.
Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn nídìí nílùú òyìnbó
ni wọ́n gbé wá, òun ni wọ́n ń jẹ́,
àfi méjì tí ẹnì kan
(mi ò ní parọ́, èmi ni)
sọ ní Ọ́fíìsì, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí ebi ń pa mí.

Ọ́fíìsì kan wà lókè pátápátá, lọ́dọ̀ mánéjà.
Ọ́fíìsì kejì wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
lọ́dọ̀ Bàbá Hundeyin tó ń gba lẹ́tà wọlé
láti ìgbà tí ìwé títẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tí à ń fi ìka lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Arábìnrin Pẹ̀drò tẹ bọ́tìnì lókè.
Ó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.
Ó tún un tẹ̀.
Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó pòṣé.
Nísàlẹ̀, bébà ń jáde,
ó gbóná bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan.
Bàbá Hundeyin wá awò rẹ̀ kàn.
A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè lẹ́tà. Ẹ̀dà mẹ́ta.

Ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ó fi píìnì dè wọ́n,
ó gun àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún, orúnkún rẹ̀ ń ké,
ó gbé e lé orí tábìlì mánéjà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì:
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, lẹ́tà yín ló ṣìnà wá sọ́dọ̀ mi."

Kò bú mi.
Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá sùn lóru ọjọ́ náà.

Sátidé, mo gbé téèpù funfun àti bírò,
mo ń ti yàrá bọ́ sí yàrá.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
èmi ò wò ó, ọmọ mi wá lọ wọlé onílé.
Ìsàlẹ̀-Ẹnu-Ọ̀nà.
Àjà-Kejì-Àkántì-Dúdú, tí kò mọ àwọ̀ mìíràn.
Àjà-Kejì-Àkántì-Aláwọ̀, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn
nítorí iye tí wọ́n ń ta yíǹkì rẹ̀.
Kọ̀ǹpútà ò gba àmì ohùn; àjà tí mo kọ di aja lásán,
làwọn ọmọ àkántì bá ń gbó wúù-wúù
nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀wé.
Èyí tó wà ní àjà kẹrin, tó ń kú, tó ń jí,
tí iná bá ti lọ tóun náà á lọ, tá a sì máa bẹ̀ ẹ́ kó padà,
wọ́n ti ń pè é ní Málọmọ́ kí n tó dé.
Mo fún un ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo, mo dè é mọ́ ọn
kó yé pààrọ̀ ilé káàkiri,
ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, mi ò lè yí i padà.

Ìparí oṣù, Bàbá Hundeyin ti kó ife rẹ̀ àti bàtà òjò rẹ̀ sínú àpò.
Ó ní kí n bá òun tẹ ojú ìwé kan: ìbéèrè owó ìfẹ̀yìntì.
Mo yan Ìsàlẹ̀-Ẹnu-Ọ̀nà.
Ó jáde níbi tó yẹ kó ti jáde.
Ó kà á tán. Ó wo téèpù tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà,
ó fi èékánná tẹ igun rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń ṣí.
Ìyá Wáyà ni gbogbo ilé ń pè mí.
"Ìbídùn," ló wí, "wá góòmù fi kún un."