Àwo Ìyá Bùsúyì

Ráútà dúdú, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ,
ojú mẹ́ta ló ní lórí, ó ń ṣẹ́jú bí ọmọ tuntun tí oorun kò kùn.
Owó oṣù àkọ́kọ́ ni Bùsúyì fi rà á.
Ó ní, "Bàbá, Wáìfáì rè é,
òun ni mo máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lálẹ́."
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún tún rédíò ṣe lẹ́yìn Ọjà Ọba,
mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn,
n kò rí ibi tí ohùn ń gbà jáde.

Iná tiwa ní Òkè-Àró, gbogbo Àkúrẹ́ mọ̀ ọ́n:
àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Á lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á dé lóru Ọjọ́bọ̀,
bó bá sì dé, á dé tagbáratagbára,
fáànù á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.
Ìdí nìyẹn tí Bùsúyì fi máa ń ki ṣájà bọ sókẹ́ẹ̀tì kó tó sùn,
á ti ráútà sábẹ́ ìrọ̀rí,
kó lè ti máa jẹun kí ọmọdé àdúgbò tó pariwo pé iná dé.

Ṣájà ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀ gan-an.
Èyí tó bá a wá nínú páálí ti já lẹ́nu.
Èyí tó rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà,
ọmọ náà sì fi ẹ̀rín ṣe ènì.

Aago méjì òru. Òjò ti dá.
Òórùn ló jí mi, kì í ṣe ariwo:
òórùn ọ̀rá tó já sínú ààrò.
Mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi ń sùn.
Èéfín tíńrín ń yọ létí ìrọ̀rí,
bí ẹni tó ń fi sìgá pamọ́ fún bàbá rẹ̀.

"Omi!" ni ọkàn mi wí. Ọwọ́ mi kọ̀.
Ọwọ́ mi ti mọ iná mànàmáná ṣáájú ọkàn mi.
Mo fa ọmọ dìde, mo sá lọ sídìí mítà, mo pa gbogbo ilé,
mo fi ìkólẹ̀ gbé nǹkan náà jáde sórí yanrìn.
Bátìrì rẹ̀ ti wú, ó rí ròbótó bí ọ̀pọ̀lọ́ inú ẹrẹ̀.
A jókòó, a ń wò ó lókèèrè títí ilẹ̀ fi mọ́.
A ò sọ̀rọ̀.

Iná èsìsì, wọ́n ní, kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.
Àmọ́ èèyàn a máa gbàgbé. Èmi náà mọ ara mi.
Torí náà ráútà tuntun yìí ní ibùjókòó:
àwo tánganran ìyá Bùsúyì, èyí tó ṣán létí,
tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun láti ọdún tó lọ.
Kò sí aṣọ lórí rẹ̀, kò sí ìwé lábẹ́ rẹ̀,
oòrùn fèrèsé kò sì gbọdọ̀ bá a níbẹ̀.
Ṣájà rẹ̀ gan-an ni: mo fi awò ka ẹ̀yìn rẹ̀,
fóòtì márùn-ún, kò lé, kò dín.
Bó bá ti kún, yọ ọ́. Bó o bá fẹ́ sùn, yọ ọ́.
Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe,
yọ ọ́, má bi mí léèrè.

Lálẹ́ àná, iná dé.
Bùsúyì nawọ́. Mo ní, "Dúró."
A jọ dúró, à ń wo gílóòbù
tó ń mọ́ yòò, tó ń ṣá, tó wá fara balẹ̀.
Mo ka dé ọgọ́rùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín,
ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun máa ń kà
kó tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná lé òun lọ́wọ́.
Mo ti gbàgbé ìyẹn.

Ó ki ṣájà bọ ògiri.
Nínú àwo tó ṣán létí,
ojú kan là, lẹ́yìn náà èkejì.
Ẹ̀kẹta ṣì ń rò ó.