Kò Yege

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ní Gárèèjì Ọ̀ffà n'Ílọrin,
mo dúró níwájú ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan,
owó ìfẹ̀yìntì mi nínú àpò àyà,
owó ọdún márùndínlógójì
tí mo fi ń gbé eruku ṣọ́ọ̀kì mì.

Àlàájì Kúránga ló ni ìsọ̀.
Ẹnu rẹ̀ dùn ju iyọ̀, bí wọ́n ti ń kì wọ́n:
"Tíṣà, kò tíì mu omi Nàìjíríà rí.
Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án."
Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí ibà ń bọ̀ wá mú.

Ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú
bébà pélébé kan wà tí wọn ò ha tán:
orúkọ ìpínlẹ̀ kan lókè òkun, ọdún kan,
àti ọ̀rọ̀ kan tí mo bọ awò ojú kí n tó kà á.
Ó ní ọkọ̀ yìí kò yege.
Èmi tí mo ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́
sídìí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ,
báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé?

Mo pe Oyínlọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé níbẹ̀.
Oòrùn ti ń rẹ̀ lọ́dọ̀ wa; òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọnu.
Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ àwọn ti ṣòfin:
ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ gba títì.
Tó bá sì di ọdún tí wọ́n dá,
ẹni tó bá fẹ́ tuntun, oníná ni yóò rà;
onípẹtiróòlù tuntun, ó di èèwọ̀ ní ìsọ̀.
Mo ní, "Àwọn tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Bàbá Ìgbàjà, ibo lẹ dúró sí báyìí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Ọkọ̀ bí igba ló kọjú sí mi,
gbogbo wọn lajú sílẹ̀, wọn ò ṣẹ́jú.

Mo rà á. Kí ni ǹ bá ṣe?
Iye tí tuntun ń pè, ẹnu mi ò gbà á.
Ọlọ́pàá tó dá mi dúró ní Gánmọ̀ béèrè ìwé,
ó béèrè ohun tí a ó fi panu.
Kò béèrè èéfín.
Mo kọjá Ìdọ̀fián, ọyẹ́ ń fẹ́ sójú,
mo ń wo ẹ̀yìn nínú díńgí bí olè.

Ní Ìgbàjà, Múkàílà mẹkáníìkì yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀,
ó kígbe láti ibẹ̀ wá: "Tíṣà! Wọn ò tíì yọ ọ́!"
Ohun kan ni nínú páìpù èéfín, ó sanra bí iṣu.
Ó ní inú rẹ̀ rí bí afárá oyin;
òun ló ń sẹ́ èéfín bí ìyàwó ilé ṣe ń sẹ́ ògì.
Àwọn kan ń wá rà á láti Ìlọrin,
pẹ́ńṣọ̀n oṣù mẹ́ta gbáko.
"Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò níbí? Kí n gé e?"

Mo ní kó jẹ́ kí n sùn lé e lórí.

Láàárọ̀ mo tan án. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà.
Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ.
Ọ̀kan fi apá aṣọ bo imú,
ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà."
Mi ò rí ohùn dá a lóhùn.

Bébà yẹn ṣì wà lójú gíláàsì.
Abẹ wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.
Múkàílà ti fóònù lẹ́ẹ̀mejì.