Ẹsẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ẹnu ilẹ̀kùn abà
dé ìdí àpótí ọkà bálì.
Èmi fúnra mi ni mo fi bàtà òjò wọ̀n ọ́n nínú ẹrẹ̀,
lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
nígbà tí Ifor ń yọ awò tuntun rẹ̀ nínú páálí
bí ẹni ń tú ìkókó sílẹ̀ nínú aṣọ òtútù.

Awò náà gùn tó apá mi.
Ó ní òun lè fi ka etí àgùntàn Meurig
lórí òkè òdìkejì àfonífojì.
Mo ní: Ifor,
ṣé àgùntàn Meurig ló ń jẹ ẹyin wa?

Èkúté ni.
Èkúté onírù bí okùn bàtà,
tó ń gba abẹ́ pákó wọlé
gẹ́rẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ sẹ́yìn àwọn òkè Wéésì.
A ò jẹ́ dẹ májèlé fún un,
nítorí òwìwí funfun kan ń sùn lórí igi àjà wa,
ohun tí èkúté bá sì jẹ, òwìwí ti jẹ ẹ́ náà nìyẹn.
Ìdí tí ìbọn afẹ́fẹ́ fi wọ ilé wa nìyí.

Ifor dojú bolẹ̀ lórí koríko gbígbẹ,
ó di mí sínú, ó fi ojú kan sí awò.
Ó pẹ́.
"Kí lo rí?"
"Irun."
"Irun kí ni?"
"Irun ṣáá. Ó dà bí ìkuukùu."
Èkúté jẹun yó, ó nu ẹnu, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Prothero
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá afárá.
Kò bi mí léèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi.
Ó ní, "Báwo ló ṣe jìnnà tó?"
Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, mo ní,
ẹsẹ̀ tèmi o, kì í ṣe ti ọkọ mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ó ní awò ọdẹ àgbọ̀nrín, ọ̀nà jíjìn ló mọ̀ ọ́n wò;
ohun tó bá wà lábẹ́ imú rẹ̀, àjèjì ni sí i.
Ó gbé kékeré kan lé mi lọ́wọ́,
tó ní òrùka níwájú, tó ṣeé yí wá sítòsí.
Ìlọ́po mẹ́ta ti tó fún abà, ó ní, mẹ́rin ti fẹ́ pọ̀ jù.
Ó tún ní ìbọn onísípíríǹgì a máa ta síwájú, a máa ta sẹ́yìn,
awò tí wọn ò ṣe fún un, inú rẹ̀ á tú ká.

Ọta mi àkọ́kọ́ lu pákó,
ìka méjì nísàlẹ̀ ibi tí mo wò.
Ojú awò wà lókè, ẹnu ìbọn wà nísàlẹ̀,
bíi tọkọtaya ọdún kìn-ín-ní:
ibì kan náà ni wọ́n ń lọ,
wọn ò kàn tíì pàdé ni.
Mo kọ́ láti gbé àmì sókè díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó jáde.
Mo rí i.
Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo rí etí òsì tó ti ya,
mo rí bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di hóró ọkà mú
bí ìyá mi ti máa ń di ìwé orin mú ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Prothero ò sọ èyí fún mi,
pé ohun tó bá mọ́lẹ̀ kedere a máa wúwo.

Mo fa ohun ìfà.
Kò japoró.
Òwìwí la ojú kan, ó tún pa á dé.

Awò ńlá Ifor wà lójú fèrèsé ilé ìdáná báyìí.
Láàárọ̀ yìí ó gbé tíì lọ́wọ́, ó ń wo òdìkejì,
ó wò, ó wò, ó sáré lọ tẹ Meurig láago:
"Ọ̀kan nínú wọn ń tiro,
ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú."