Àṣálẹ́ ní Sídínì

Oṣù Ọ̀pẹ. Aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá,
oòrùn Sídínì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń wo ìlà kan tó dúdú bí èédú
ní ọgọ́rùn-ún mítà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa.

Edé ni. Edé tí kò gùn tó ìka ọmọ ọwọ́,
tí ara rẹ̀ mọ́ gaara tí o fi lè rí oúnjẹ àná nínú rẹ̀.
Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á gbéra,
ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́,
wọ́n á gun omi bí ẹni gun òkè,
lọ jẹun níbi tí ojú panla kò ti ní tó wọn.
Panla yìí náà ni, tí a máa ń fi òòlù fọ́ kúrò nínú yìnyín nílé;
n kò mọ̀ pé ó ń lé nǹkan kan rí
kí ó tó gan.

Ìlà náà dé ogójì mítà, ó dúró.
Mo nu ojú ẹ̀rọ. Mo tún un tẹ̀.
Íńgírìdì, ọ̀gá ọkọ̀, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀:
"Pa iná. Àwa ni oòrùn tí wọ́n ń sá fún."

Mo pa á.
Òtútù wá jókòó síbi tí iná wà.
Mo fi aṣọ òjò bo ẹ̀rọ, mo ki orí bọ abẹ́ rẹ̀:
ogún mítà,
mẹ́wàá,
márùn-ún,
títí kò fi sí àlàfo mọ́ láàárín wọn àti ìdí ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o."
Íńgírìdì bi mí pé ta ni mò ń kí.