Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ìdí-Àràbà la ti gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
èmi àti Ṣẹ̀gílọlá,
a gbé ìwé ìwádìí sáyà bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ,
sítáàṣì ṣì gan nínú aṣọ funfun wa.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjídàgbà ti kìlọ̀ fún wa ní kíláàsì:
"Ẹ má yan ilé tó wù yín.
Ilé tó bá wu ojú, irọ́ ló máa ń pa fún ìṣirò.
Ẹ ka mẹ́fà, ẹ kan ilẹ̀kùn ìkeje,
kódà bí ajá bá wà níbẹ̀."

Ìkeje ní Ìwáyà kò ní ilẹ̀kùn.
Ilé pákó ni, lórí omi dúdú,
aṣọ tábìlì kan ló ta sẹ́nu ọ̀nà.
Ìyá Sẹ̀nàmí ń yan ẹja, ó ní ká wọlé,
ká ṣọ́ pákó kẹta, ó ti jẹrà.

Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ìbéèrè ń lọ.
Ọjọ́ orí? "Ọdún tí wọ́n ri òpó afárá gígùn yẹn mọ́lẹ̀."
Mo ṣírò, mo kọ ọ́.
Omi wo lẹ̀ ń mu? "Omi kẹ́ẹ̀gì."
Ṣé ẹ máa ń sè é? "À ń sè é."
Ṣẹ̀gílọlá wo sítóòfù:
ó ti dípẹtà, òwú rẹ̀ gbẹ bí irùngbọ̀n arúgbó.
Obìnrin náà rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ, ó rẹ́rìn-ín.
"Ẹ kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sè é.
Kẹrosíìnì ni kí ẹ lọ bi,
òun ni kò mọ̀."

Lẹ́yìn náà ló kan ìkẹrìnlá:
Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láàyè?
Ó yí ẹja kan padà. Ó yí òmíràn.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Ìyá tèmi náà ìbá dáhùn bẹ́ẹ̀.
Ẹnu mi wọhò.
Àpótí kékeré méjì ló wà lórí ìwé,
ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbà ju iye kan lọ,
orúkọ ni obìnrin yìí sì ń pè:
"Sẹ̀nàmí wà nílé ìwé.
Máútín bá baba rẹ̀ lọ sójú omi.
Víyọn rèé, ó ń sùn."
Ọ̀rá ẹja kán sínú iná, ó ṣe ṣàà.
"Húnsù náà ní aṣọ kan nínú àpótí yẹn."

Mo kọ ọ́: mẹ́rin. Mẹ́ta.
Onígbáméjì, ìgbà òjò èṣí.

Lọ́jọ́ Ẹtì a pa ìwé gbogbo ilé pọ̀.
Ìpín dọ́gba: ọmọ mẹ́rin fún ìyá kan,
àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá ọmọ.
Ẹnìkan béèrè ta ló bí ìdá méjì,
kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà la ẹnu, ẹ̀rín kò jáde.
Àjídàgbà fa ìlà gbọọrọ sára pátákó:
"Àwọn tó kú, òkè. Gbogbo àwọn tí a bí, ìsàlẹ̀.
Ẹni tí ẹ kò bá kà nísàlẹ̀,
ẹ kò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lókè."
Bámitálẹ́ nawọ́: "Sà, ilé kan ṣoṣo
kò lè yí èsì padà."
"Kò lè yí i padà," ni bàbá náà wí,
ó sì ń nu pátákó, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà mo fa igi lé àpótí méjèèjì.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ àwọn ọmọ yín fún wa,
àwọn tó wà nílé, àwọn tó wà lẹ́yìn odi,
àwọn tí aṣọ wọn ṣẹ́kù.
Kí ìyá máa pè.
Àwa la ó kà, nígbà tí a bá jáde tán.
Mo fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀.
Bí kò bá tó, ẹ̀yìn ìwé wà.