Ìlà Kan Ṣoṣo

Aago méjì òru ní Kopli, lẹ́bàá èbúté Tallinn,
òjò dídì ń já lójú fèrèsé bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu.
Ìlà kan ṣoṣo ni mò ń wá,
ìlà tí yóò jókòó sókè àwòrán ìbọ̀wọ́,
tí ẹni tó ń fi àtàǹpàkò fa fóònù lọ yóò rí,
tí àtàǹpàkò rẹ̀ yóò sì dúró.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.
Àmọ́ èmi kì í rí ojú ẹnikẹ́ni.
Àtàǹpàkò ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo kọ ọ́: Ìbọ̀wọ́ tó dára jù lọ lágbàáyé.
Mo pa á rẹ́. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀?
Ẹni tó ń ta oògùn eku náà ń sọ ọ́.
Mo kọ ọ́: Ọwọ́ rẹ kò ní tutù mọ́ láéláé.
Irọ́. Mo mọ oṣù Èrèlé níbí.
Mo kọ ọ́: Méjìlá péré ló kù, yára!
Ọgọ́rin ló wà nínú àpótí lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi,
wọ́n na ìka márùn-ún márùn-ún sí mi
bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí.

Kaljo tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí a máa wí pé,
"Má sọ ohun tí ọjà jẹ́, sọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó rà á.
Kí o sì fi nọ́ńbà sí i. Nọ́ńbà kì í tijú."
Mo fi nọ́ńbà sí i:
Wákàtí mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìbọ̀wọ́ yìí.
Ó sàn díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ta ló ń fowó ra àárẹ̀ ẹlòmíràn?

Ilẹ̀ mọ́, mo pe Leida, àbúrò ìyá mi, ní erékùṣù Muhu,
òun ló hun gbogbo rẹ̀.
"Kí ni kí n sọ nípa wọn?"
Ó ń fún adìẹ lóúnjẹ, mo ń gbọ́ ọ.
Ó ní, "Sọ pé ìbọ̀wọ́ ni."
Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé fóònù ti já.
"Nígbà tí wọ́n rí Arvo lábẹ́ omi dídì,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú tèmi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe.
Tíì mi kò tíì tutù tí ìlà náà fi wà lókè.
Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ọgọ́rin ti tán.
Obìnrin kan ní Riga kọ̀wé pé òun sunkún.
Ọkùnrin kan ní Turku ra mẹ́fà.
Owó ń wọlé, tín-ín, tín-ín,
bí omi dídì tó ń yọ́ létí òrùlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ aládùúgbò fi hàn án.
Leida kò pariwo. Leida kì í pariwo.
"Ìbọ̀wọ́ ni mo fún ọ tà.
Ta ló ní kí o fi iye lé ọkọ mi?"

Mo ti pa á rẹ́.
Òwú tí a hun ṣeé tú.
Èyí tí ayé ti kà ńkọ́?

Lánàá ni ọgbọ̀n tuntun dé, mi ò mọ ìdí tó fi rán wọn.
Wọ́n ń rùn bí àgùntàn tí òjò pa.
Kò sí lẹ́tà nínú àpótí.
Mo kọ ọ́: Ìbọ̀wọ́ ni. Leida ló hun ún. Ó gbóná.
Títí di ìsinsìnyí, méjì ni mo tà.

Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan.
Ibi àtàǹpàkò rẹ̀ gùn jù fún mi.
Ọwọ́ tó tóbi ju tèmi lọ
ló ṣì ń wọ̀n ọ́n fún.