Oko Tí Òjò Kì Í Rọ̀ Sí

Aago méjì òru ni àgbàdo mi ń gbó.
Bí oorun bá gbé mi lọ, á rọ, á dúdú,
ewé gbígbẹ á máa wò mí títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Nítorí náà ni mo ṣe ń dìde bí abiyamọ tọ́mọ rẹ̀ ń ké,
tí mò ń fi àtàǹpàkò kan kórè éékà mẹ́ta
lórí ibùsùn, ní Ìjẹmọ̀,
níbi tí wọn ò ti mú iná wá láti Ọjọ́bọ̀.

Eré ni wọ́n pè é, mo sì gbà pé eré ni.
Ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì gbóná jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pànṣẹ́kẹ́,
mò ń dúró kó tutù,
mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò.
Wọ́n fún mi ní adìyẹ méjì, lọ́fẹ̀ẹ́.
Ta ló ń fúnni ládìyẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Abẹ́òkúta?
Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà:
mo ní màlúù, mo ní ọgbà ápù
(n kò jẹ ápù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi),
mo wá ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra omi
tí kò lè pa òùngbẹ ẹnikẹ́ni.

Màámi á pè láti abà, lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá:
"Ṣóyẹmí, oko ńkọ́?"
Oko bàbá mi ló ń bèèrè,
èyí tí mo ṣèlérí pé n ó máa wá ro ní Sátidé Sátidé.
Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ó tán ni, Màámi."
Mo ti ro ó lóòótọ́.
Ọwọ́ mi ṣì gbóná.

Ó wá ní Ìṣẹ́gun kan láì ránṣẹ́ ṣáájú,
tòun ti ọ̀pá, tòun ti báńdéèjì lórúnkún,
ó gun àtẹ̀gùn àpáta wa, ó ń sinmi, ó ń gùn,
ó ká mi mọ́ ọn. Mò ń bomi rin.
Mo ti múra de èébú.
Ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́.
"Ta ló gbin àgbàdo há mọ́ra báyìí?
Ebè dà?
Ìgbà wo lòjò rọ̀ síbẹ̀ kẹ́yìn?"
"Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀."
"Koríko ńkọ́?"
"Kò sí koríko, Màámi."
Ó dákẹ́.
Ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí
àfi ti obìnrin tó bá koríko jà fún àádọ́ta ọdún.

Lóru, aago dún. Mo nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, fóònù ò sí.
Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà ní pálọ̀.
Màámi jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ,
orúnkún tí kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́ta,
ó ń fi ìka kan ro oko.
Ó ti sọ ilẹ̀ náà lórúkọ ilẹ̀ bàbá mi:
Etí Odò. Ìdí Ìrókò. Ẹ̀yìn Ahéré.
"Má fọwọ́ kan apá ibí," kò gbójú sókè,
"mo fi í sílẹ̀ kó sinmi ná."
N kò sọ fún un pé kì í rẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

A ti pààrọ̀ fóònù báyìí.
Tirẹ̀ ló wà lápò mi, kékeré onítọ́ọ̀ṣì,
ní Sátidé yìí, nínú koríko tó ga dé àyà mi,
àdá bàbá mi lọ́wọ́, kò mú dáadáa,
n kò mọ ibi tí Etí Odò parí sí.
Ó dún. Màámi ni, láti Ìjẹmọ̀.
Mo ní, "Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí o, mo ti tutù."
Ó ní, "Òjò kẹ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀.
Gbọ́, Ṣóyẹmí, ewúrẹ́ wa ti bímọ.
Wọ́n ní ká san owó
ká tó lè rí ojú ọmọ."